Omi Oníyọ̀ àti Ojúṣe Ẹni tí ó Sé Ẹ̀dá Mọ́

Bí ènìyàn bá kó ẹja òkun sínú àpótí dígí nínú ilé rẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ po omi tí ẹja náà yóò máa mí nínú rẹ̀, kí ni ó jẹ ẹja náà ní gbèsè? Ìbéèrè yìí kan àwọn ará Ọjọ́, Ìba àti Okokomáíkò ní ìpínlẹ̀ Èkó gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ilẹ̀ Àwórì yìí wà lẹ́bàá omi, síbẹ̀ omi tí ó sún mọ́ wọn jù kì í ṣe omi òkun. Omi tí ó ti ìhà Àjàṣẹ́ gba Àgbádárìgì wá, tí ó sì kọjá lẹ́bàá Ọjọ́ lọ sí Èkó, jẹ́ omi ọ̀sà, ìyẹn omi tí odò àti òkun ti pàdé nínú rẹ̀, tí iyọ̀ rẹ̀ ń pọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ó sì ń dín kù nígbà òjò. Àwọn àgbà mọ ìyàtọ̀ yìí, wọn kò sì da Olókun, òrìṣà òkun, pọ̀ mọ́ Ọlọ́sà, òrìṣà ọ̀sà.

Nínú ìwádìí lórí ọ̀sà Èkó tí ó jáde ní 1958, onímọ̀ nípa ẹranko tí ń jẹ́ J. E. Webb ṣàlàyé ìgbésí ayé Branchiostoma nigeriense, ẹ̀dá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó jọ ẹja ṣùgbọ́n tí kò ní egungun, tí ń bo ara rẹ̀ mọ́ inú iyanrìn ìsàlẹ̀ omi. Àwọn ọmọ rẹ̀ a máa bá omi òkun wọ inú ọ̀sà, wọn a sì dàgbà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá dé tí omi odò sì borí iyọ̀, àwọn tí ó wà nínú ọ̀sà a kú. Ẹnìkan lè wá sọ pé bí ọ̀sà bá ń pa ẹ̀dá báyìí lọ́dọọdún láìjẹ̀bi, kò yẹ kí a dá ẹni tí ó ṣi omi pò lẹ́bi. Àwíjàre yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé ọ̀sà kò sé ẹnikẹ́ni mọ́.

Hádíìsì tí ó wà nínú àkójọ Bukhari àti ti Muslim, tí àwọn àáfà sì máa ń fi ṣe wáàsí, sọ nípa obìnrin tí ó jìyà nítorí ológbò tí ó sé mọ́lé: kò fún un lóúnjẹ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá ti ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà mọ́ ẹ̀dá kan ti gba gbogbo àìní ẹ̀dá náà sọ́rùn ara rẹ̀. Ti ẹja òkun tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹni tí ó sé ológbò mọ́lé kọ́ ni ó dá afẹ́fẹ́ tí ológbò ń mí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sin ẹja òkun ni ó ṣe omi tí ẹja rẹ̀ ń mí.

Ìtàn Ọbàtálá, òrìṣà tí ń mọ ara ènìyàn, wúlò níhìn-ín. A sábà máa ń rántí pé ó mu ẹmu yó, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ara tí kò pé. Ohun tí ó yẹ kí a túbọ̀ rò ni èyí tí ó tẹ̀lé e, pé ẹmu di èèwọ̀ rẹ̀, àti pé ó gba àwọn tí ara wọn rí bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ààbò rẹ̀, tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà. Ohun méjì ni ìtàn náà béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń dá nǹkan: kí ojú rẹ̀ mọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì sá fún ohun tí ó ti dá.

Fún ẹni tí ń po omi òkun, ojú mímọ́ yìí ní òṣùwọ̀n. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bí 35 gíráàmù iyọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan ni: sodium àti chloride kó nǹkan bí 86 nínú 100, àwọn ìyókù sì jẹ́ sulphate, magnesium, calcium, potassium àti àwọn èròjà mìíràn tí kò tó nǹkan lójú, tí ẹ̀dá òkun kò sì lè ṣe aláìní wọn. William Dittmar, onímọ̀ kẹ́míkà tí ó yẹ àpẹẹrẹ omi òkun 77 tí ọkọ̀ ìwádìí Challenger bù káàkiri ayé láàárín 1872 sí 1876 wò, fi hàn ní 1884 pé bí iyọ̀ òkun ti wù kí ó pọ̀ tàbí kí ó dín, ìdá tí èròjà ńlá kọ̀ọ̀kan kó nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Ìdí nìyí tí iyọ̀ ọbẹ̀ kò fi lè ṣe é, tí ó fi jẹ́ pé iyọ̀ tí a pò fún ẹja òkun ni a gbọ́dọ̀ lò.

Omi bóhòlù ní àdúgbò Ọjọ́, Ìba àti Okokomáíkò a sábà máa ní irin, tí ń fi àwọ̀ ìpẹtà sára garawa, omi ẹ̀rọ sì lè ní chlorine, nítorí náà a ní láti sẹ́ ẹ títí kan ohun tí ojú kò rí. Iyọ̀ ni a ń bù sínú omi, a kì í da omi sórí iyọ̀, nítorí pé níbi tí iyọ̀ bá ti ki jù, calcium yóò bá carbonate so pọ̀, yóò sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ẹfun. Pọ́ǹpù yóò máa rú u títí yóò fi mọ́ gaara, nígbà mìíràn di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni a ó wọ̀n ọ́n nígbà tí ìgbóná rẹ̀ bá tó 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ìwúwo rẹ̀ bí a bá fi wé ti omi lásán lè jẹ́ 1.025 tàbí 1.026. Bí oòrùn àti ooru bá sì ń fa omi lọ lójoojúmọ́, iyọ̀ kì í bá a lọ, nítorí náà omi lásán tí a ti sẹ́ ni a fi ń dí i. Ẹni tí ó bá ń fi omi oníyọ̀ dí i ń sọ òkun náà di kíkorò díẹ̀díẹ̀.

Iná mànàmáná tí kì í dúró wà lára gbèsè náà pẹ̀lú, nítorí pé nígbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, èémí ń tán nínú omi. Ó sì yẹ kí a bi ẹni tí ó fẹ́ ra ẹja bí ẹja náà ṣe dé ọjà. A ti ń tọ́ irú àwọn kan, bí ẹja Amphiprion, láti inú ẹyin, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ẹja òkun tí a ń fi ṣe ẹwà ilé ni a ṣì ń mú láti inú òkun gan-an. Fún irú èyí, ìbéèrè ojúṣe ti wà nílẹ̀ kí a tó bu iyọ̀ kankan sínú omi.