Ìmọ̀ Ṣíṣí Àgádágodo Láìlo Kọ́kọ́rọ́: Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Kọ́ Ènìyàn?

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ti ìlẹ̀kùn wọn lálaalẹ́. Wọn a yí kọ́kọ́rọ́, wọn a fi ọwọ́ ti ìlẹ̀kùn náà wò, ọkàn wọn a sì balẹ̀ pé ògiri kò lanu mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń ṣí irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ láìlo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe olè. Ìbéèrè tí ó jẹ yọ ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn kọ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí ó bá sì tọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi kọ́ ẹlòmíràn?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń dá ẹjọ́ lé lórí. Àgádágodo tí ó wọ́pọ̀ lára ìlẹ̀kùn òde òní, èyí tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ eléyín ṣí, kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ ti fi igi ṣe ohun tí ó jọ ọ́. Linus Yale Kékeré, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ó fi irin ṣe é lọ́nà tí ayé ń gbà lò ó dòní. Ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí iṣẹ́ náà ní 1861 àti ní 1865. Irin róbótó kan ni ó wà nínú irin mìíràn. Ihò wẹ́wẹ́, márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, ni a lu láti inú irin kan bọ́ sínú èkejì. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá irin kéékèèké méjì wà, ọ̀kan lé èkejì lórí, sípíríǹgì sì ń tì wọ́n sísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pá òkè bá dábùú ààlà irin méjèèjì, irin ti inú kò lè yí. Kọ́kọ́rọ́ tòótọ́ ni ó ń gbé wọn sókè ní ìwọ̀n tí ó tọ́, tí ibi tí ọ̀pá méjèèjì ti pàdé fi ń bọ́ sórí ààlà náà gẹ́lẹ́. Ìgbà náà ni ìlẹ̀kùn ń ṣí.

Ṣùgbọ́n kò sí oníṣẹ́ tí ó lè lu ihò márùn-ún kí wọ́n tò gún régé láìsí ìyàtọ̀ rárá. Àbùkù kékeré yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá. Yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí àgádágodo náà díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ ṣí i. Yóò sì fi irin mìíràn máa tọ àwọn ọ̀pá náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò kọ́kọ́ há. Bí ó bá ti èyí sókè títí tí ó fi dé ààlà, irin ti inú yóò yí díẹ̀, òmíràn yóò sì há. Báyìí ni yóò máa ṣe títí wọn yóò fi tán. Ohun tí ó ń ṣẹ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń lo agbára jù. Gbogbo ọ̀pá a há pa pọ̀, ọwọ́ kò sì ní í mọ èyí tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ tì. Sùúrù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́, kì í ṣe ipá.

Ẹni tí ó bá ṣí àgádágodo àkọ́kọ́ rẹ̀ báyìí a máa yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kì í pẹ́ di ìrònú. Irú irin kan náà ni ó wà lára ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀, àti ti aládùúgbò rẹ̀, àti ti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó ti ń pè ní ògiri láti ọjọ́ yìí wá, aṣọ tí a ta sẹ́nu ọ̀nà ni.

Àwọn tí wọ́n lòdì sí ẹ̀kọ́ yìí ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní olùkọ́ kò lè rí inú akẹ́kọ̀ọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá kọ́ ọ, tí mẹ́sàn-án sì jẹ́ ọmọlúàbí, ẹnì kẹwàá tó láti palẹ̀ ilé opó kan mọ́. Opó náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè bóyá ó fara mọ́ ọn. Ta ni ó fún olùkọ́ láṣẹ láti fi ẹrù ẹlòmíràn dán ìwà akẹ́kọ̀ọ́ wò?

Àríyànjiyàn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 1851, nígbà Àfihàn Ńlá tí ó wáyé ní London, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs ṣí àgádágodo Chubb, tí àwọn ènìyàn gbọ́kàn lé gidigidi, láàárín ìṣẹ́jú 25. Ó tún dojú kọ àgádágodo Bramah, èyí tí a ti gbé sójú fèrèsé ìsọ̀ fún ọdún pípẹ́ pẹ̀lú ìlérí gínì 200 fún ẹni tí ó bá lè ṣí i. Ó lo nǹkan bí wákàtí 51, tí a pín sí ọjọ́ 16, kí ó tó borí rẹ̀. Ìṣẹ̀dá àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí ti Yale, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni wọ́n gbé dìde. Àwọn kan figbe ta pé a ti la ojú olè. Ìwé kan lórí àgádágodo, tí Charles Tomlinson ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1853, tako ìbẹ̀rù yìí: èrò inú rẹ̀ ni pé olè ti mọ iṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́, olóhun ni ó ń sùn nínú àìmọ̀. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó sí i. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe pa ojú dé sí ohun tí kò mọ̀ pé ó ń bọ̀? Irú àṣírí títú bẹ́ẹ̀ ni ó ń mú kí iṣẹ́ dára sí i. Nínú àwọn àgádágodo kan lónìí, ọ̀pá tí a gbẹ́ ní àárín bí igi tí a ń ká òwú ìránṣọ mọ́ wà níbẹ̀, tí ó ń tan ẹni tí ń ṣí i jẹ pé ó ti dé ààlà nígbà tí kò tíì dé e.

Síbẹ̀, ìdáhùn yìí nìkan kò tó. Ògbólógbòó olè lè ti mọ̀ lóòótọ́. Ọ̀dọ́ tí ìṣẹ́ ń bá fínra lè má tíì mọ̀. Ohun tí ó sọ iṣẹ́ Hobbs lórí àgádágodo Bramah di iṣẹ́ tí kò lẹ́gàn kì í ṣe pé olè ti mọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ohun náà ni pé àwọn olóhun ni wọ́n pe ayé wá gbìyànjú, ìgbìmọ̀ kan sì dúró láti ṣe ìdájọ́. Ìyọ̀ǹda ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà.

Ààlè ni ó lè mú èyí yé ọmọ Yorùbá dáadáa. Àgbẹ̀ tí ó to igi ìdáná sí ẹ̀bá ọ̀nà kì í kọ́ ilé lé e lórí. Ó lè so ṣùkù àgbàdo tàbí ìkarahun ìgbín tàbí àkísà mọ́ ọn, kí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé ààlè náà kúrò. Lóòótọ́, ìbẹ̀rù èpè wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí kì í dúró de èpè. Ohun tí ààlè ń wí ni pé ẹrù yìí ní olóhun, olóhun kò sì yọ̀ǹda. Ẹni tí ó bá rú u jẹ̀bi, kì í ṣe nítorí pé agbára rẹ̀ ju ti ṣùkù lọ, bí kò ṣe nítorí pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ olóhun, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Àgádágodo ni ààlè tí a fi irin ṣe. Ẹni tí ó bá mọ bí a ṣe ń ṣí i ti yọ irin kúrò nínú rẹ̀ lójú ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ olóhun nìkan ni ó kù. Nítorí náà, ìmọ̀ yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di olè, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ọ́ di ẹni rere. Ó kàn mú ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ kúrò ni, tí ó wá ku òun àti ìwà rẹ̀.

Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ó díjú yóò tú. Ǹjẹ́ onílé tí ó ní ilé lè ṣí yàrá ayálégbé rẹ̀ nígbà tí ẹni náà kò sí nílé? Ilé jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn náà jẹ́ ti ayálégbé. Ǹjẹ́ oníṣẹ́ tí wọ́n pè láti ṣí ìlẹ̀kùn lè gba owó kí ó sì ṣí i láìbèèrè ẹni tí ó ni ín? Bí ọmọdé bá há sínú ilé, kí ó ṣí i kíákíá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi àwọn ará àdúgbò léèrè. Ní Jámánì, níbi tí àwọn kan ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1997 láti fi iṣẹ́ yìí ṣe eré ìdárayá, àti láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ níbòmíràn, òfin méjì ni ó gbajúmọ̀: má ṣí èyí tí kì í ṣe tìrẹ láìgba ìyọ̀ǹda, má sì fi èyí tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ́ṣẹ́. Òfin kejì jinlẹ̀ ju bí ó ti rí lójú lọ. Àgádágodo ara ẹni pàápàá lè bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, ìyàwó àti ọmọ tí wọ́n sùn lẹ́yìn rẹ̀ sì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Òfin ìjọba náà kò fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí. Abala 417 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a mọ̀ ní gúúsù Nàìjíríà ka níní irinṣẹ́ ìfọ́lé lọ́wọ́ lóru láìní ìdí tí ó bófin mu sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tí a bá sì bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sọ ìdí náà. Kì í ṣe irin nìkan ni òfin ń wò. Ó ń wo àkókò, ó sì ń wo ìdí.

Èyí ni ìdáhùn tí ó tọ́ sí opó tí a mẹ́nu bà lókè. Olùkọ́ tí ó fi ọwọ́ kọ́ni ṣùgbọ́n tí kò fi ẹnu kọ́ni ní ààlà ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tí ó mọ̀ pé irin ẹnu ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò lágbára, tí ó sì dákẹ́, náà ti ṣẹ̀ ẹ́. Ojúṣe ẹni tí ó mọ̀ ni pé kí ó kọ́kọ́ lọ sọ fún opó náà, kí ó bá a wá èyí tí ó sàn, kí ó tó jókòó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá lè dúró níwájú ṣùkù àgbàdo tí a so mọ́ igi ìdáná, kí ó sì kọjá lọ, kò tíì yẹ ní ẹni tí a ń fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ lé lọ́wọ́.