Nígbà Tí Àga Bá Há Mọ́ Ìyá Wa



Ìbéèrè tí a gbé ka iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí ọ̀ràn náà kò kàn. Ìbéèrè náà nìyí: bí ẹnì kan nínú ẹbí wa bá sanra púpọ̀, tí ó sì ń bẹ̀rù àtiwọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí ìtìjú, kí ni ó tọ́ kí a ṣe fún un? Ṣé kí a dákẹ́ ni, kí ọ̀rọ̀ wa má baà dùn ún? Àbí kí a sọ̀rọ̀? Bí a ó bá sì sọ̀rọ̀, irú ọ̀rọ̀ wo ni ó yẹ ọmọlúàbí?

Ọ̀ràn yìí ti wọ inú ọ̀pọ̀ ilé láàárín wa. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọbìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó lóyún, ó sì fẹ́ kí ìyá òun wá bá òun tọ́jú ìkókó, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Ó ti san owó ọkọ̀. Ìwé àṣẹ ìwọ̀lú sì ti jáde. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń sún mọ́, ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Lónìí, orúnkún ni ó ń dùn ún. Lọ́la, kò sí ẹni tí yóò bá a ṣọ́ ilé. Àwọn ọmọ rò pé gíga òfuurufú ni ó ń bà á lẹ́rù. Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù kò sí ní òfuurufú rárá. Ó ti gbọ́ pé àga inú bàálù há, pé ìgbànú rẹ̀ kò gùn, àti pé ẹni tí kò bá lè dì í mọ́ra ni gbogbo èrò yóò máa wò. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí ó má fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ ju kí a fi òun ṣe ìran wò lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àga nìkan? Iyì àgbà ni ó wà níbẹ̀, àti ìfẹ́ tí ó wà láàárín ìyá àti ọmọ.

Ohun èkíní tí ó yẹ kí a wádìí ni pé: ta ni ó jẹ̀bi? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, àga ibi tí owó rẹ̀ kéré jù kò fẹ̀ ju íǹṣì 17 sí 18 lọ láàárín apá àga méjèèjì. Ẹ mú okùn ìwọ̀n télọ̀, kí ẹ fi wọn àga ilé yín, ẹ ó sì mọ bí ó ti há tó. Ìwọ̀n yìí kò sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Nígbà tí ọkọ̀ Boeing 777 bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 1995, àga 9 ni ó wọ́pọ̀ kí wọ́n tò sí ìlà kan nínú rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń to 10 sí inú ọkọ̀ kan náà. Inú ọkọ̀ kò fẹ̀ sí i. Àga ni wọ́n gé kù, kí èrò lè pọ̀ kí owó sì lè pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Ilé Aṣòfin Amẹ́ríkà fi pàṣẹ ní ọdún 2018 pé kí ọ́fíìsì ìjọba tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú fi òdiwọ̀n sí bí àga ṣe lè kéré mọ. Nígbà tí ọ́fíìsì náà bi àwọn ará ìlú léèrè ohun tí wọ́n rò ní ọdún 2022, èsì tí ó dé ju 26,000 lọ.

Bí télọ̀ bá rán bùbá ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ìyá ọjà, tí bùbá náà kò sì wọ ọ̀kan nínú wọn, ta ni a ó bá wí? Ǹjẹ́ a ó sọ pé ìyá náà ṣẹ̀? Télọ̀ ni a ó bi pé ara ta ni ó fi wọn aṣọ. Ìka kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn kò dọ́gba. Nítorí náà, kí ẹni tí ó sanra mọ̀ dájú pé àga tí kò gba òun kì í ṣe ìdájọ́ lórí ìwà òun. Ohun tí a kọ́kọ́ jẹ ìyá wa ní gbèsè nìyí: kí a gbé ẹrù ìtìjú tí kì í ṣe tirẹ̀ kúrò ní orí rẹ̀.

Ó sì yani lẹ́nu pé àwa Yorùbá náà ni a máa ń kí ẹni tí ó sanra pé ara rẹ̀ dá, pé ìtọ́jú wà, pé ilé ọkọ gbà á. Ìyá kan náà tí a ń kí báyìí ní ibi ìnáwó, nígbà tí ó bá gbé aró àti gèlè, ni àwọn kan yóò máa fi ojú pa rẹ́ nígbà tí ó bá ń gba ọ̀nà tóóró kọjá nínú bàálù. Ara kò yí padà láàárín ibi ìnáwó àti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ojú tí a fi ń wò ó ni ó yí padà.

Ohun èkejì: ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ra fún oore mẹ́ta tí kì í ṣe oore.

Èkíní nínú wọn ni irọ́ dídùn. Ọmọ a máa sọ pé, “Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, àga náà fẹ̀ dáadáa.” Ó fẹ́ fi ọkàn ìyá balẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà bàálù ni ìyá yóò ti mọ òtítọ́, níbi tí kò ti sí ọmọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí a bá fi irọ́ tù nínú, òun nìkan ni yóò dá ojú kọ òtítọ́.

Èkejì ni ẹ̀fẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fún ẹni tí ó sanra ní orúkọ ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ pé eré ni. Thomas Aquinas, ọ̀mọ̀wé ńlá tí ó kú ní ọdún 1274, fi yéni pé ẹ̀sín yàtọ̀ sí èébú, nítorí pé ohun tí ẹlẹ́sìn ń wá ni kí ojú ti ẹnìkejì. Ó sì sọ pé bí ẹni tí a fi ṣẹ̀sín bá ti yẹ fún ọ̀wọ̀ tó ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ṣe ń wúwo tó. Ó sì ka fífi òbí ṣẹ̀sín mọ́ èyí tí ó wúwo gidigidi. Ọ̀mọ̀wé yìí mọ ohun tí ó ń wí. Ìtàn sọ pé òun fúnra rẹ̀ tóbi lára, ó sì máa ń dákẹ́, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní màlúù tí ó yadi.

Ẹ̀kẹta ni ìwàásù tí kò bọ́ sí àkókò. Ẹlòmíràn yóò bi wá pé, “Ṣé kì í ṣe ìfẹ́ ni kí a sọ fún un pé kí ó dín oúnjẹ kù? Ǹjẹ́ sísanra jù kò lè mú àìsàn wá?” Ìbéèrè yìí tọ́, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Lóòótọ́, ó lè mú àìsàn wá, ẹni tí a sì fẹ́ràn ni à ń bá wí. Ṣùgbọ́n ìbáwí pàápàá ní àsìkò àti ibi tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlera wà láàárín ìyá àti dókítà, tàbí láàárín ìyá àti ọmọ kan tí ó gbẹ́kẹ̀ lé, ní ìkọ̀kọ̀, ní ọjọ́ tí ọkàn balẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó kù kí ó wọ ọkọ̀. Ẹni tí ó bá ń wàásù oúnjẹ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò dín ara ìyá kù. Ìgboyà rẹ̀ ni ó dín kù.

Kí ni kí a ṣe nígbà náà? Kí ọmọ kan ṣoṣo, èyí tí ó sún mọ́ ìyá jù, lọ bá a ní yàrá, kí ó kúnlẹ̀ kí ó sì wí pé, “Màmá, mo fẹ́ kí ìrìn-àjò yìí rọ̀ yín lọ́rùn. Bí ohun kan bá wà tí ẹ ń rò nípa rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi. Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe ni n ó ṣe.” Lẹ́yìn náà, kí ó dákẹ́ kí ó gbọ́. Ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Bí ìyá bá ti sọ̀rọ̀, òtítọ́ tí ó ní ìrànlọ́wọ́ nínú pọ̀ tí a lè sọ fún un. Ọ̀pọ̀ jùlọ ọkọ̀ ńlá tí ń kó èrò ni ó máa ń ní àfikún ìgbànú, tí a ń so mọ́ ìgbànú àga kí ó lè gùn sí i. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sì ń mú un fún èrò lójoojúmọ́. Bí ìyá kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, kí a kọ ọ́ sí ìwé kékeré kan, kí ó fi lé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ bí ó ti ń wọlé. Àwọn baba wa ń pàrokò ránṣẹ́ láìla ẹnu. Èyí kò ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tètè yan àga kí ọkọ̀ tó kún, kí a sì yẹra fún àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àjálù, nítorí ibẹ̀ ni a kì í sábà gba ẹni tí ó lo àfikún ìgbànú láyè. Kí a yẹra pẹ̀lú fún àga iwájú pátápátá tí ògiri wà níwájú rẹ̀, nítorí apá àga ibẹ̀ kì í sábà ṣe é gbé sókè. Àga ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń jẹ́ kí ènìyàn lè dìde láìyọ ẹnìkejì lẹ́nu. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé sì ń jẹ́ kí ó lè fi ara ti ògiri. Ìyá ni kí ó yan èyí tí ó wù ú.

Kí a rántí ara rẹ̀ pẹ̀lú. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù ju wákàtí mẹ́fà lọ. Jíjókòó pẹ́ láìdìde lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ewu náà sì pọ̀ sí i fún àgbàlagbà àti ẹni tí ó sanra. Kí ó rí dókítà rẹ̀ kí ó tó lọ. Kí ó máa mu omi, kí ó máa na ẹsẹ̀, kí ó sì máa dìde rìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá gbà á láyè. Àwọn mìíràn kì í mu omi nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ inú ọkọ̀ há. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ ńlá tí ó ní ọ̀nà méjì, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sábà máa ń fẹ̀ ju ìyókù lọ. Kí ó béèrè rẹ̀.

Ohun kẹta ni ẹ̀tọ́ ẹni tí yóò jókòó ti ìyá. Òun náà sanwó, kò sì tọ́ kí a gbàgbé rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ fẹ̀ ju àga kan lọ, tí agbára sì wà, yóò ṣe dáadáa bí ó bá ra àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó yẹ kí ó san án? Ní ọdún 2008, àjọ tí ń ṣàkóso ìrìnnà ní Kánádà pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan pé ẹni tí sísanra ti sọ di aláàbọ̀ ara, tí ó sì nílò àga méjì, owó ẹnì kan ni kí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ìrìn-àjò tí kò kọjá ilẹ̀ Kánádà. Ilé-iṣẹ́ Samoa Air ẹ̀wẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òṣùwọ̀n wọn èrò, kí ẹni tí ó wúwo lè san jù. Àwọn ará Kánádà ka àga sí ẹ̀tọ́ ènìyàn. Àwọn ti Samoa ka èrò sí ẹrù. Lójú tèmi, ti Kánádà ni ó sún mọ́ òdodo jù. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí òfin bẹ́ẹ̀ kò ti sí ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹbí ni kí ó dìde. Bí ọmọ mẹ́rin bá dá owó jọ, àga kejì kò ní wúwo fún ẹnì kan. Kí wọ́n sì gbé e fún ìyá gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, kí wọ́n má ṣe kà á sí i lọ́rùn.

Ó ku ohun kan. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ìyá lè sọ pé òun kò lọ. A kò gbọdọ̀ fi omijé tàbí owó tí a ti ná wọ́ ọ wọ inú ọkọ̀. Ara rẹ̀ ni. Òun ni ó mọ ohun tí ó lè gbà. Bí ó bá ṣe pé ìtìjú tí àwa fúnra wa dá sílẹ̀ ni ó dí i lọ́nà, ẹ jẹ́ kí a tọrọ àforíjì, kí a sì dúró dè é.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹnì kan bá wà nínú ilé yín tí ó ń fà sẹ́yìn nípa ìrìn-àjò, tí àwáwí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ẹ má tètè pè é ní ojo. Ẹ lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ̀yin méjì péré, kí ẹ sì béèrè. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.