Ẹni Tí Ó Gbé Ìkà Wọ̀ Bí Ẹ̀wù

Àdúrà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá ni pé kí a má ṣe ko àgbákò. Síbẹ̀, ọkùnrin kan jẹ́ orúkọ náà títí dé ọjọ́ alẹ́. Abdulsalam Sanyaolú ni orúkọ rẹ̀. Charles Olúmo ni àwọn elére mọ̀ ọ́n sí. Àgbákò ni àwọn òǹwòran ń pè é. Ó papòdà ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 2024, lẹ́yìn tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí ó bá ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ní 1938 mọ irú ẹ̀dá tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ẹbọra tí ó bá Àkàrà-Oògùn wọ̀jà. Irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ni Olúmo ń ṣe nínú eré: ìkà, oníjàgídíjàgan, olóògùn tí kò mọ àánú.

Ìbéèrè mi ni èyí: ǹjẹ́ ẹni tí ń ṣe ìkà nínú eré ní ìpín nínú ìkà bí?

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí a dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní Ọ̀jọ́, wọ́n sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ tíátà níbẹ̀. Ìyá tí wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ní ipa àjẹ́ lè bẹ̀rù. Láti Ìbà dé Òkòkòmáìkò, mo ti gbọ́ bí àwọn tí ń wo fídíò ṣe ń gbé elére ṣépè, kì í ṣe ẹ̀dá inú ìtàn. Wọn kò sì ṣàì ní ẹ̀rí: àwọn àgbà ní orúkọ ń ro ọmọ, ọfọ̀ kì í sì í ṣe ohun àfiṣeré.

Ṣùgbọ́n kí ni ìkà? Ìkà ní láti ní ẹni tí a ṣe é sí, àti ọkàn tí ó gbèrò rẹ̀. Ẹni tí Àgbákò pa nínú eré a dìde, a gbọn eruku ara rẹ̀ nù, a sì bá a jẹun. Ta ni ó wá pàdánù? Bí gbogbo elére bá ń ṣe ènìyàn rere, níbo ni ọmọdé yóò ti mọ ojú ìkà kí ó tó pàdé rẹ̀ lóde? Bí ìtàn bá jẹ́ kí ìkà jèrè láìjìyà, ẹni tí ó hun ìtàn ni kí a bi léèrè.

Ní 1982, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, gbé fíìmù Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn olè ṣe àdàkọ rẹ̀, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Nínú ọ̀ràn yìí, ẹni tí a ṣe é sí wà, èrò ọkàn sì wà. Síbẹ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ara rẹ̀ ṣépè nítorí kásẹ́ẹ̀tì àdàkọ. Ọjà Alábà, níhìn-ín ní Ọ̀jọ́, ti di ojúko títa fídíò. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa.

Nítorí náà, kí òǹwòran tí ń bú Àgbákò kọ́kọ́ wo ohun tí ń yí nínú ẹ̀rọ rẹ̀. Olúmo a bọ́ ẹ̀wù ìkà sílẹ̀ bí eré bá parí. Ẹni tí ó jókòó sílé tí ó ń wo ọjà olè, ẹ̀wù wo ni yóò bọ́?