Ṣé Irọ́ Ni Bí A Bá Dákẹ́?

Mo tún gìtá oníná kan ṣe kí ẹ̀gbọ́n mi lè rí i tà. Iṣẹ́ jákujàku ni. Mo yí ọ̀pá inú ọrùn rẹ̀ kó lè tọ́, mo sì fi fáìlì dán etí àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ha ọwọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kan ibi tí okùn gùn lé síwájú jù. Mo yí síkúrù rẹ̀ sẹ́yìn títí kò fi lè yí mọ́; síbẹ̀, ohùn irin kejìlá, níbi ìdajì okùn, ṣì ga jù.

Ìyá kan wá rà á fún ọmọ wọn. Mo ta á níbi tó ti dùn, lẹ́bàá orí rẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ó dáa?” Mo ní, “Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, mà.”

N kò purọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní olùrà ló ni ojú tó fi ń yẹ ọjà wò. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ iṣu. Ẹni tí kò mọ ibi tí àbùkù ń gbé ńkọ́? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gìtá kì í fura sí gìtá; ara rẹ̀ ló máa ń fura sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sílé wọn, mo fi irin kejìlá han ọmọ náà. Ó wò mí títí.

“Ṣé kì í wá ṣe etí mi ló bàjẹ́?”