Ogun Àwítẹ́lẹ̀: Bó Ṣe Yẹ Ká Ran Ọmọ Lọ́wọ́ Kí Ìdánwò Sáyẹ́ǹsì Tó Dé

Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti wọ JSS 1 ni òun àtàwọn òbí rẹ̀ ti mọ̀ pé BECE, tí gbogbo wa l'Ékòó ń pè ní Junior WAEC, ń dúró dè é ní ìparí JSS 3. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Gbàgádà níbí, ó di ìgbà tí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ kan kí ariwo “lọ kàwé ẹ!” tó gba ilé kan. Òbí ti Erékùṣù dé, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lórí Third Mainland ti gba gbogbo agbára rẹ̀. Ó bá ọmọ nídìí tẹlifíṣọ̀n, ó jágbe mọ́ ọn, ọmọ gbé nótì, ojú rẹ̀ ń sáré lórí ìwé, ọkàn òbí balẹ̀, ó lọ sùn.

Èmi ò gbà pé ìyẹn ni ìrànlọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ran ọmọ lọ́wọ́ lórí sáyẹ́ǹsì, kó ní kí ọmọ pa nótì dé, kí ọmọ wá fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ ọmọ pọ̀ ju ti àgbà lọ. Iṣẹ́ àgbà ni kó máa béèrè.

Ẹ wo MR NIGER D. Bóyá ni ọmọ JSS kan wà tí kò mọ̀ ọ́n: lẹ́tà mẹ́jọ tí wọ́n fi ń rántí àbùdá ohun ẹlẹ́mìí, láti orí Movement títí dé Death. Ìyá kan ládùúgbò wa, tó ń ta aṣọ ọmọdé, jókòó ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ọmọ ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ láìmí.

“O káre,” ni ìyá wí. “Jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé yìí ńkọ́? Ó ń mu bẹntiróòlù, ó ń tú èéfín, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ṣé ohun ẹlẹ́mìí ni?”

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. “Rárá o, Mọ́mì.”

“Kí ló dé? Ṣebí ó ń mu, ó ń tu, ó sì ń mira.”

Ẹ̀rín tán lẹ́nu ọmọ. Ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, “Kì í dàgbà. Bẹ́ ẹ ṣe rà á náà ló ṣe wà. Kò sì lè bí jẹnẹrétọ̀ kékeré.”

Ìrírí tèmi ni pé ọmọ tó bá ti fúnra rẹ̀ dé ibi tí ọmọ yìí dé kì í tètè gbàgbé mọ́. Ìyá kò dúró síbẹ̀. Ó bi í nípa Irritability, ọmọ ò rí nǹkan sọ. Wọ́n jọ jáde lọ sídìí ọgbà, níbi tí patanmọ́ ti hù lẹ́bàá gọ́tà. Ó ní kó fọwọ́ kan ewé rẹ̀. Ewé náà ká lójú ẹsẹ̀, àwọn kéékèèké orí ẹ̀ka kan náà ń pa dé ní méjì-méjì. Ọmọ tún fọwọ́ kan òmíràn, ó tún kan òmíràn. Nígbà tó yá ló ní, “Ó mọ̀ ọ́n lára pé a fọwọ́ kan òun. Bí ìgbà tí èéfín bá kó sí wa lójú, tá a sì dijú.” Ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó gan-an nìyẹn.

Ibi tí àwọn méjèèjì ti kọsẹ̀ ni Excretion. Ọmọ ní ìgbẹ́ ni, ìyá náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣí ìwé, wọ́n rí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbẹ́ jẹ́ ìyókù oúnjẹ tí ara kò dà, tó kàn gba inú ìfun kọjá ni. Ohun tí iṣẹ́ ara fúnra rẹ̀ bá dá sílẹ̀ ni excretion ń lé jáde: carbon dioxide láti inú ẹ̀dọ̀fóró, ìtọ̀ láti inú kíndìnrín, òógùn láti ara. Ó rọrùn kí ọmọ pàdánù máàkì níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Òbí tó ní òun ò ka sáyẹ́ǹsì, nítorí náà òun ò lè ṣèrànlọ́wọ́, kò rò ó dáadáa. Ọmọ mọ ìwé, òbí mọ ayé tí ìwé ń sọ nípa rẹ̀, bí àwọn méjèèjì ò bá sì mọ̀ ọ́n, ìwé wà níwájú wọn.

Èdè tí ọmọ bá fẹ́ ni kó fi ṣàlàyé. Lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn, wọ́n tún ń ṣáájú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Nítorí náà, kí ọmọ fi Yorùbá là á yé ìyá rẹ̀ ná, lẹ́yìn náà kó wá kọ ọ́ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ gan-an tí ẹni tó ń máàkì ń wá.

Ìdí wà tí mo fi tẹnu mọ́ pípa nótì dé. Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ka àyọkà kan ní àkàtúnkà. Àwọn mìíràn kà á, wọ́n wá pa ìwé tì, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn alákàtúnkà ló borí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù lórí wọn, nígbà tí àwọn tó ń dán ara wọn wò rántí nǹkan bí 61. Ọmọ tó ka nótì mọ́jú tó sì ní òun ti mọ̀ ọ́n kò parọ́. Ó mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lálẹ́, láti nǹkan bí oṣù méjì sí ìdánwò, sàn ju àìsùn ọ̀sẹ̀ kan lọ. Past question dára, àmọ́ kí ọmọ ṣe é láìwo ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé. Èyí tó bá gbà, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó bá kùnà ni kó kọ sínú ìwé kékeré kan, kí ẹ tún bi í lọ́jọ́ kẹta, kí ẹ tún bi í lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Lesson teacher lè ṣe apá kan nínú èyí, kò lè ṣe gbogbo rẹ̀, torí pé òun kọ́ ló ń bá ọmọ jẹun alẹ́.

Ẹ má fi èébú kún un. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá ti pè ní olódo nítorí ìbéèrè kan kò ní sọ èyí tí kò yé e mọ́, ibi tó sì yẹ kí ẹ tọ́jú gan-an ló máa fi pamọ́ fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ òbí tó ń wá ẹ̀kìsípò káàkiri pé kó dáwọ́ dúró. Owó tó fẹ́ kó fún olè, kó fi ra ìwé.

Bí ọmọ bá ti ibi ìdánwò dé, oúnjẹ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un. Tó bá sinmi tán, ẹ bi í pé ìbéèrè wo ló ṣòro fún un jù, kí ẹ sì jọ wá ìdáhùn rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní SS 1, ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì kan ṣoṣo yìí yóò pín sí Biology, Chemistry àti Physics, ìbéèrè náà yóò sì tún padà wá bá a.