Ọrẹ Tí Mo Gbé Padà Kúrò Níwájú Pẹpẹ

Ìwàásù Ọjọ́ Àjọ̀dún
Ẹ̀kọ́ kíkà: Matteu 5:23-24, Lefitiku 6:1-5, Efesu 1:13

   

Nígbà tí àwọn alàgbà ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú sínú ìwé àjọ̀dún yìí, mo gbàdúrà sí i, ọ̀rọ̀ rédíò ọkọ̀ ni ó ń wá sí mi lọ́kàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín o. Ọlọ́run tí ó bá Mósè sọ̀rọ̀ nídìí agbo ẹran, tí ó sì pe Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní ọdún 1928 nígbà tí ó ń wa katakata tí í tẹ ọ̀nà, ó lè bá atún-rédíò-ṣe sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ó bá mi sọ̀rọ̀. Ìbáwí ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo kọ́ nìyẹn, ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin àgbà mọ ìgbà tí mò ń sọ. Láti ọdún 1963 tí ilé-iṣẹ́ Philips ti gbé káséètì jáde ni ó ti ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi wọ inú ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot 504 ní Kaduna ní ọdún 1975, tí Volkswagen ìjàpá náà ń jáde ní Èkó, ọkọ̀ tí kò bá ní rédíò òun téèpù, olówó rẹ̀ kò tíì parí owó ni. Nínú téèpù ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ìwàásù àti orin akọrin Aládùúrà lójú ọ̀nà. Lóde òní, ọkọ̀ tuntun kì í bá téèpù wá mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe, tí wọ́n fẹ́ kí rédíò ìgbà náà wà lójú dásíbọ́ọ̀dù rẹ̀. Irú wọn ní í wá mi wá.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, bí àjọ̀dún ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, rédíò kan wà lọ́wọ́ mi tí mo yọ lára ọkọ̀ tí wọ́n ti pa tì. Mo tú u palẹ̀. Mo yọ àwọn kàpásítọ̀ tí ó ti gbẹ, mo fi tuntun sí i. Mo fi òwú àti sípírítì nu orí tí í ka téèpù títí ìdọ̀tí pupa rúsúrúsú fi tán lára rẹ̀. Mo pààrọ̀ gílóòbù rẹ̀, mo dán irin iwájú rẹ̀ títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ó wá ku bẹ́líìtì. Rọ́bà ti inú rẹ̀ ti yọ́ bí ọ̀dà, n kò sì rí ìwọ̀n rẹ̀ rà. Mo bá mú èyí tí ó fi díẹ̀ gùn jù lára ẹ̀rọ mìíràn, mo fi há a.

Lórí tábìlì mi, lábẹ́ fáànù, ó kọrin dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú tí ara rẹ̀ ti gbóná, mo gbọ́ tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí fà. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn ń wí: bẹ́líìtì ti dẹ̀. Rólà ń ti téèpù síwájú, ṣùgbọ́n ìhà kejì tí ó yẹ kí ó máa ká a kò yí dáadáa mọ́. Téèpù yóò kóra jọ sínú ẹ̀rọ, yóò wé mọ́ rólà. Òun ni à ń pè ní kí ẹ̀rọ máa jẹ téèpù. Mo gbọ́ ọ o! Mo pa á, mo fi aṣọ nù ún, mo gbé e sójú wíńdò.

Bàbá kan wá láti Abẹ́òkúta, tísà tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń tún 504 rẹ̀ àtijọ́ ṣe. Ó ní, “Ọ̀gá, ṣé kò ní àléébù kankan?”

Mo ní, “Àléébù kẹ̀, Bàbá? Bí tuntun ló rí.”

Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ funfun mi tí mo fi kọ́ ara ògiri. Ó ní, “Ẹ̀yin Aládùúrà ni? Ó dáa, ọkàn mi balẹ̀.” Kò tún ná an mọ́. Ó ka ₦45,000 sí mi lọ́wọ́, ó gbé e lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Ilé-iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní Berlin, ní ilẹ̀ Jámánì, ní ọdún 1923. Ohun tí a ń fi sétí gbọ́ rédíò ni wọ́n ń ṣe nígbà náà. Èyí tí wọ́n bá ti yẹ̀ wò tí ó sì yege, wọn a lẹ àmì róbótó aláwọ̀ búlúù mọ́ ọn. Nígbà tí ó pẹ́, àwọn ènìyàn kì í béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ náà mọ́. “Ẹ fún mi ní alámì búlúù” ni wọ́n ń wí. Ní ọdún 1938 ilé-iṣẹ́ náà kúkú fi àmì yẹn ṣe orúkọ: Blaupunkt, tí í ṣe àmì búlúù ní èdè wọn. Àwọn kan náà ni ó ṣe rédíò ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Yúróòpù, ní ọdún 1932.

Ẹ wò ó, ará. Àyẹ̀wò ni ó ṣáájú, kí àmì tó tẹ̀lé e. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Efesu pé a ti fi Ẹ̀mí Mímọ́ ṣe èdìdì sí wa lára. Aṣọ funfun tí a wọ̀, àmì tí ayé ń rí nìyẹn. Nígbà tí bàbá yẹn rí i, ó rò pé Ọlọ́run ti yẹ ọjà mi wò. Mo wá fi àmì Ọlọ́run ta ohun tí Ọlọ́run kò yẹ̀ wò. Ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an, ó ju ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì lọ.

Mo yọ ₦10,000 nínú owó náà, mo dì í sínú àpòòwé fún ọrẹ ọpẹ́ àjọ̀dún. Ní òru ọjọ́ Jímọ̀, nígbà ìṣọ́ òru, mo gbé e lọ síwájú pẹpẹ kí a lè gbàdúrà sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá aríran dìde. Ó ní òun rí ẹnìkan tí ó gbé ọrẹ lọ́wọ́, okùn pẹlẹbẹ kan, tín-ín-rín, pupa rúsúrúsú, sì wé mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́. Ó ní òun kò mọ irú okùn tí ó jẹ́. Ìyá kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Gbogbo ara mi ni ó tutù.

Mo gbé àpòòwé mi, mo lọ bá Bàbá Alákòóso, mo jẹ́wọ́. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ṣí Lefitiku orí kẹfà, wọ́n ní kí n kà á sókè. Níbẹ̀, ẹni tí ó bá tan ọmọnìkejì rẹ̀ jẹ yóò dá ohun náà padà ní pípé, yóò sì fi ìdámárùn-ún rẹ̀ lé e. Ìdámárùn-ún ₦45,000 jẹ́ ₦9,000. Ní òwúrọ̀ Sátidé mo kó ₦54,000 sápò, mo gbé irinṣẹ́ mi, ó di Abẹ́òkúta.

Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, Bàbá ní, “Há, ọmọ mi, rédíò yẹn ò ṣe nǹkan. Káséètì mi ló ti gbó.”

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tí mo rẹ́ jẹ, ara rẹ̀ ni ó ń dá lẹ́bi.

Ó mú káséètì náà wá. Ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó wà nínú rẹ̀, níbi tí ìyá ti ń ki í. Kò sí òmíràn níbi kankan. Inú ọkọ̀, lọ́sàn-án gangan, ni ó ti fi sínú rédíò náà, ẹ̀rọ mi sì jẹ ẹ́.

Mo tú káséètì náà, mo ń fi ọwọ́ na téèpù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ó ti fà ya, kò ṣe é tún ṣe. Mo gé e kúrò, mo fi téèpù ìsopọ̀ tí a ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ẹ́, nítorí gọ́ọ̀mù ara sẹ́lótéèpù lásán a máa yọ jáde, a máa ba ẹ̀rọ jẹ́. Ohun tí mo gé tó bí ogún sẹ̀ǹtímítà. Téèpù káséètì ń rìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ó dín díẹ̀, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó túmọ̀ sí pé bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin péré ni ó lọ. A fi sínú téèpù kékeré tí mo gbé lọ́wọ́, ohùn ìyá jáde, ó ń dún geere. Ó dé ojú ibi tí mo gé, ó fò ó. Bàbá mi orí, ó ní, “Ibẹ̀ yẹn gan-an ló ti pè mí ní Àkànní.”

Mo ka ₦54,000 síwájú rẹ̀. Ó gba ₦45,000, ó ti ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án padà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin yẹn, ta ni yóò san án? Sakeu sọ pé òun yóò san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́rin ogún kò lè pe Àkànní. Ọ̀pọ̀ gbèsè ni ó wà lọ́rùn wa báyìí, tí a bá ta gbogbo ilé wa kò ní í san án. Ìdí nìyí tí Olùgbàlà fi ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá rò pé òun lè fi ọrẹ àjọ̀dún san irú gbèsè bẹ́ẹ̀, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Bàbá dárí jì mí. Ó ní kí n gbé rédíò náà lọ, kí n tún un ṣe bí ó ti yẹ, òun yóò tún un rà. Mo wá bẹ́líìtì rẹ̀ fún oṣù méjì kí n tó rí i. Mo gbé e sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn, mo fi káséètì tí kò níláárí dán an wò fún wákàtí kan gbáko. Mo wá mú bébà, mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó sanwó: ohun tí mo pààrọ̀, pé bátìrì 12 volt ni ó ń lò, pé bọ́tìnnì tí í dá téèpù padà sẹ́yìn a máa há nígbà mìíràn, pé MW nìkan ni ó ń gbà, kò ní FM, bẹ́ẹ̀ FM ni púpọ̀ nínú ilé-iṣẹ́ rédíò wà lónìí. Mo kó àwọn pátì àtijọ́ sínú ọ̀rá fún un. Ó kà á tán, ó ní, “Wàyí o, rédíò ni mo rà.” Mo sì bá a gba ohùn ìyá rẹ̀ sínú fóònù. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú káséètì bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ tètè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ-kẹ́rọ̀.

Ará mi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Ìwọ tí ń ta tòmátì, ohun tí ó wà nísàlẹ̀ agbọ̀n ńkọ́? Ìwọ télọ̀, aṣọ oníbàárà tí ó ṣẹ́kù ńkọ́? Ìwọ mẹkáníìkì, ṣé pátì tuntun ni o fi sí i lóòótọ́? Ìwọ olùrà náà, tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà kí o lè rà á lọ́pọ̀, tí o dé ilé tí o ń yangàn, Òwe 20:14 ń bá ọ wí. Ẹ̀yin alàgbà ìjọ, nígbà tí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó dáwó ńlá, ẹ jẹ́ kí a máa rántí láti bi ara wa pé, ta ni ó ń sunkún lẹ́yìn owó yìí?

Ní ọjọ́ Àìkú àjọ̀dún ọdún náà, igba náírà ni mo mú lọ síwájú pẹpẹ. N kò tíì jó dé ibẹ̀ rí bí mo ti jó lọ́jọ́ náà.

Kí Olúwa yẹ ọkàn wa wò kí ó tó fi èdìdì rẹ̀ sí wa lára. Ohun tí a ti bàjẹ́ tí agbára wa kò ká láti tún ṣe, kí ẹ̀jẹ̀ Jésù bá wa bò ó. Kí ó fún olúkúlùkù wa ní ìgboyà láti gbé ọrẹ rẹ̀ padà, kí ó lọ bá arákùnrin rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjọ̀dún yìí kò ní í jẹ́ ìkẹyìn wa, ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.