Ta Ló Ni Ẹsẹ̀ Ọmọ?

Ọmọ ọdún mẹ́wàá wo ló mọ ohun tí òun wá ṣe láyé? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbá lásán fún òbí Yorùbá tó ń gbé Parma, Turin tàbí Padua, tí ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ijó báléè lẹ́yìn ilé ìwé, tí olùkọ́ wá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé ẹsẹ̀ ọmọ yìí dára, ẹ gbé e lọ ṣe ìdánwò ní Milan. Ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ òfin máa ń dúró de ọmọ títí á fi gbọ́n. Báléè kì í dúró. Ní Milan náà, ilé ẹ̀kọ́ ijó Teatro alla Scala (La Scala), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1813, ń gba ọmọ láti nǹkan bí ọdún 10 tàbí 11, ọdún 8 ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Wọ́n á wo bí itan ṣe ń yí síta láti ìdí, wọ́n á wo ẹ̀yìn, wọ́n á wo àtẹ́lẹsẹ̀, nítorí ara tí egungun rẹ̀ ti gbó kò ní gba ìlànà náà mọ́. Òbí tó bá ní kí ọmọ kọ́kọ́ dàgbà kó tó fẹnu ara rẹ̀ yàn yóò rí i pé ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ yàn, nígbà tí ẹni tí wọ́n ń yàn fún kò tíì lè yàn. Àwa tí a gbà pé ẹ̀dá ló kúnlẹ̀ yan orí ara rẹ̀, kí la máa sọ sí i?

Ìdáhùn méjì ló wọ́pọ̀ láàrin wa, mi ò sì fara mọ́ ìkankan. Àwọn kan ní ọmọ tàwọn ni, àwọn làwọn bí i, àwọn làwọn mọ ohun tó yẹ ẹ́. Àwọn mìíràn ní bó bá jẹ́ pé ijó ni orí ọmọ yàn, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí òbí káwọ́ gbera kó máa wòran. Ìtàn Ifá tí a fi ń ṣàlàyé orí gan-an ló tako méjèèjì. Oríṣèékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìjà àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà jọ ń lọ gbé orí nílé Àjàlá amọ̀kòkò. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má yà sílé baba wọn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kọjá lọ tààrà, wọ́n gbé orí tó dán lójú àmọ́ tí iná kò jó dáadáa, òjò sì pa á jẹ lójú ọ̀nà ayé. Afùwàpẹ́ yà sọ́dọ̀ baba rẹ̀. Ọ̀rúnmìlà dá Ifá, ó rúbọ, ó sì di iyọ̀ àti owó fún ọmọ. Iyọ̀ ló fi bá oníbodè ṣọ̀rẹ́, nítorí eérú ni onítọ̀hún ti ń fi se ọbẹ̀. Owó ló fi san gbèsè tí Àjàlá ń sá fún. Àjàlá fúnra rẹ̀ ló wá bá a fi ọ̀pá irin lu orí kan tẹ̀lé òmíràn títí wọ́n fi rí èyí tó jinná. Ẹ wo iṣẹ́ tí baba ṣe níbẹ̀. Kò bá ọmọ dé ilé Àjàlá, kò sì sọ orí tí yóò gbé. Síbẹ̀, bí kò bá di iyọ̀ fún un, ojú kan náà ni Afùwàpẹ́ ì bá fi rí òjò pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èrò mi ni pé ibẹ̀ gan-an ni ààlà iṣẹ́ òbí wà: kó pèsè ohun tí ọmọ yóò fi rìn dé ibi yíyàn, kó sì fi yíyàn sílẹ̀ fún un.

Wọ́n á ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Wọ́n á ní ẹ wo àwọn ará ilé Àyàn: ta ló bi ọmọ onílù léèrè kí wọ́n tó gbé kànnàǹgó lé e lọ́wọ́? Àtakò yìí lágbára, nítorí pé láìsí irú ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ a kì bá tí ní dùndún lónìí. Ṣùgbọ́n ọmọ Àyàn kò kúrò nílé baba rẹ̀ kó tó kọ́ ìlù, kò sẹ́ni tó ń dá a padà lọ́dọọdún pé ara rẹ̀ kò bá iṣẹ́ mu, bó bá sì lọ ranṣọ tàbí lọ kàwé, ọmọ Àyàn náà ni títí láé. Ọmọ tí La Scala gbà tí wọ́n sì lé ní ọdún kẹrin kò ní agboolé tó ń dúró dè é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àṣà wa ní ohun kan tó ṣáájú ìlù: àkọsẹ̀jayé. Nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé, òbí á lọ bi Ifá léèrè ohun tí ẹsẹ̀ yìí bá wá. Ìbéèrè làwọn baba wa fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹni tó ń béèrè ti gbà pé òun kò mọ̀.

Bí òbí kò ṣe ni orí ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn adánniwò kò ni ín. Ilẹ̀ Parma ló bí ẹlẹ́rìí tó dára jù lọ fún èyí. Ní 1832, Giuseppe Verdi, ọmọ olóúnjẹ kan ní abúlé Roncole, lọ ṣe ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ orin Milan. Ọmọ ọdún 18 ni, ó ti ju ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà lọ, bó ṣe ń gbé ọwọ́ lórí dùùrù kò tẹ́ wọn lọ́rùn, àjèjì sì ni lójú òfin, nítorí pé ìlú ọba mìíràn ni Parma nígbà náà. Wọ́n kọ̀ ọ́. Antonio Barezzi, oníṣòwò kan ní Busseto tó fẹ́ràn rẹ̀, sanwó kí olùkọ́ kan máa kọ́ ọ lọ́tọ̀. Ní ọdún 10 lẹ́yìn náà, ọ́pẹ́rà rẹ̀, Nabucco, wọ orí ìtàgé La Scala. Barezzi kò bá àwọn adánniwò jà, kò sì sọ fún ọmọ náà pé orí rẹ̀ ti fọ́. Ó di iyọ̀ míràn fún un. Arturo Toscanini, adarí orin olókìkí, náà wá láti Parma, ọmọ aránṣọ. Ọmọ ọdún 9 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ orin ìlú náà, sẹ́lò ni wọ́n sì fi kọ́ ọ títí ó fi jáde ní 1885. Ọdún kejì, ní Rio de Janeiro, ó wà láàrin àwọn tó ń ta sẹ́lò nígbà tí ọ́pẹ́rà Aida dàrú mọ́ adarí lọ́wọ́; wọ́n gbé ọ̀pá ìdarí fún un, ó sì darí rẹ̀ láìwo ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ yan sẹ́lò fún un, ohun tí ó wá ṣe sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́lò náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi sọ pé kí òbí má fi ọmọ síbi ẹ̀kọ́ líle ní kékeré. Ẹ̀kọ́ líle kì í ṣòfò, bí a bá ti fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ láti yà.

Nítorí náà, iyọ̀ wo ni kí òbí dì fún oníjó báléè? Òtítọ́ ni àkọ́kọ́. Nínú gbogbo ilé ọ́pẹ́rà ńláńlá tí ìjọba Ítálì ń ràn lọ́wọ́, mẹ́rin péré ló ṣì ní ẹgbẹ́ oníjó báléè tirẹ̀: Milan, Róòmù, Naples àti Palermo. Teatro Regio ti Turin kò ní, Teatro Regio ti Parma kò ní, Verona sì tú tirẹ̀ ká ní 2017. Aterballetto wà ní Reggio Emilia, nítòsí Parma, ijó ìgbàlódé sì ni tiwọn. Òbí tó bá fi èyí pa mọ́ fún ọmọ nítorí pé kò fẹ́ kó rẹ̀wẹ̀sì ti gba ohun tí ọmọ ìbá fi yàn lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì ni ìwé kíkà. Láti 2010 ni Ítálì ti ní liceo coreutico, ilé ìwé gírámà ọlọ́dún 5 tí ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 14, níbi tó ti ń kọ́ ijó pẹ̀lú ìtàn, ìṣirò àti èdè, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì ṣí yunifásítì sílẹ̀ fún un. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, olùkọ́ tó dára nítòsí ilé títí di ọdún 14, kí liceo wá tẹ̀lé e, sàn ju Milan ní ọdún 11 lọ. Mo mọ̀ pé olùkọ́ báléè gidi yóò bá mi jiyàn níbí, pé ẹ̀kọ́ La Scala kò láfiwé. Òótọ́ ni. Ẹ̀kọ́ tó ga jù lọ lè má jẹ́ èyí tó yẹ ọmọ tí ẹ ń wò lójú.

Ẹ̀kẹta ni ara. Ní 2012, La Scala lé oníjó kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó sọ fún ìwé ìròyìn pé ọ̀pọ̀ oníjó ń febi pa ara wọn. Ilé ẹjọ́ padà pàṣẹ pé kí wọ́n gbà á padà. Ọmọ tó ń gé oúnjẹ rẹ̀ kù kí dígí lè yìn ín kò tíì yan nǹkan kan. Ìbẹ̀rù ló ń yàn fún un. Ọjọ́ tí òbí bá rí èyí, kó mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, kó sì dá ijó dúró, bí ìdánwò tilẹ̀ ku ọ̀la. Ibí yìí nìkan ni mo ti gbà kí òbí pàṣẹ láìbéèrè, nítorí ara tó bá bàjẹ́ ti gba gbogbo yíyàn tó kù lọ́wọ́ ọmọ.

Àwọn onígbàgbọ́ kan á ní ijó orí ìtàgé kì í ṣe tọmọ Ọlọ́run. Ẹ rántí Dáfídì níwájú àpótí ẹ̀rí, kí ẹ sì rántí pé Míkálì tó pẹ̀gàn rẹ̀ ni Bíbélì bá wí. Ti aṣọ tó fún mọ́ra, pàápàá fún ìdílé Mùsùlùmí, wúwo ju ìyẹn lọ. Ó yẹ kí òbí bá ilé ẹ̀kọ́ sọ ọ́ ní gbangba kí wọ́n tó forúkọ ọmọ sílẹ̀. Àtakò tó le jù ni ti owó: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ ní Parma kó lè fi owó ránṣẹ́ sílé kò lè fi ọmọ ta tẹ́tẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀ awakọ̀ tíráàmù ni baba Carla Fracci, gbajúmọ̀ oníjó báléè tó wọ ilé ẹ̀kọ́ La Scala ní 1946. Ní Ajangbadi l'Ékòó, Daniel Ajala ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní báléè lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2017, orí kọnkéré tí òjò ń pa ni ọmọ ọdún 11 kan lára wọn sì ti jó tí gbogbo ayé fi rí i ní 2020. Owó kékeré kò ní kí òbí má béèrè ohun tí ọmọ ń fẹ́. Ohun tó yẹ kó kọ̀ ni kí ọmọ di èrè làálàá tí òun ṣe, nítorí ọmọ tó gbà pé òun gbọ́dọ̀ san òógùn baba òun padà kò lè sọ pé ó ti sú òun.

La Scala máa ń dán ọmọ wò lọ́dọọdún láti mọ̀ bóyá àwọn ṣì fẹ́ ẹ. Ẹ̀yin òbí ní Parma, ní Turin, ní Padua, ẹ fún ọmọ náà ní ọjọ́ tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í bóyá òun náà ṣì fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Kí ẹ sì ti fẹnu kò láàrin ara yín, kí ẹ tó bi í, pé bó bá ní rárá, ẹ máa gbà á lẹ́nu rẹ̀.